Wọ́n lu ẹni tó wà ní àtìmọ́lé

Ìbéèrè (Ṣàgámù): Ẹ jọ̀wọ́, bí ọlọ́pàá bá na ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, kí ni ẹbí yóò kọ́kọ́ ṣe?

Èsì (Ìjẹ̀bú-Òde): Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wá dókítà kí ojú ọgbẹ́ tó jiná. Òfin tó ka ìdánilóró léèwọ̀, ti 2017, fún ẹni tí wọ́n tì mọ́lé lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò ara àti ọkàn. Kí dókítà kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí àpá wà àti bó ṣe gùn tó. “Wọ́n lù ú” lásán kò tó rárá.

Èsì (Ìkẹ́nnẹ́): Ilé ẹjọ́ gíga ló kàn, lábẹ́ abala 34 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó dáàbò bo iyì ọmọnìyàn. Ẹ kọ orúkọ ọlọ́pàá náà sínú ìwé ẹjọ́. “Ọ̀gá ló rán mi” kì í ṣe àwíjàre. Lábẹ́ òfin 2017 yẹn, ẹ̀wọ̀n ọlọ́pàá náà lè tó ọdún 25.