Iná ń fò nínú cryostat (ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tutù gan-an) kí fóltéèjì tó pé: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kírísítà tí mo fẹ́ fi neutron (èérún kékeré inú átọ́ọ̀mù) wò nípọn tó mílímítà 2. Pápá iná 10 kV/cm ni mo nílò, ìyẹn 2,000 V. Àmọ́ ní 4 K (nǹkan bíi −269 °C), kí n tó dé 300 V, iná ti fò. Gáàsì helium díẹ̀ ló wà lọ́dọ̀ kírísítà kó lè tutù. Mo ti pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀mejì, ibi pẹlẹbẹ náà lọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Èsì: Ẹ fi wáyà sílẹ̀, helium ni ọ̀tá yín. Bí ìfúnpá àti àlàfo bá ṣe déédéé, nǹkan bíi 160 V ti tó fún iná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má sì gbọ́kàn lé géèjì ìfúnpá: bí gáàsì ṣe ki tó ló ń pinnu. Ní ìfúnpá kan náà, gáàsì ìsàlẹ̀ ní 4 K ki ní ìlọ́po 75 ju ti òkè ọ̀pá tó gbé kírísítà sínú cryostat, ní 300 K, lọ, ibìkan láàárín sì máa bọ́ sí ojú ibi tó burú jù. Ẹ fa helium náà jáde títí ìfúnpá yóò fi wà lábẹ́ 10⁻⁵ mbar.

Èsì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má fà á ní 4 K. Helium máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tó tutù. Ẹ gbé e gòkè sí bíi 30 K, kí pọ́ǹpù máa fà á lọ, kí ẹ tó tún mú un tutù.

Olùbéèrè: Ẹ ṣé. Kí ni yóò wá máa mú kírísítà tutù?

Èsì: Sáfírè pẹlẹbẹ, mílímítà 1, láàárín electrode (àwo tó ń gbé fóltéèjì fún kírísítà) àti bàbà tútù. Ó ń gbé ooru kọjá dáadáa, kì í sì í gba iná. Alúmíníọ̀mù ni kí ẹ fi ṣe electrode, neutron fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, kí ẹ sì yọ́ etí rẹ̀ roboto, torí ẹnu mímú ni iná ti ń fò. Ẹ dín gọ́ọ̀mù kù: haidirójìn inú rẹ̀ yóò da ariwo bo ìwọ̀n yín. Cadmium tí ẹ fi ń dí neutron, irin tó ń gba iná kọjá ni o! Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ tó ní fóltéèjì.

Èsì: Ẹ so resistor (ohun tó ń dín kọ́rẹ́ǹtì kù) 10 MΩ mọ́ wáyà níta, kí iná tó bá fò má ju 200 µA lọ. Ẹ máa gbé fóltéèjì gòkè ní 100 V, 100 V. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá ta sókè tó sì rọlẹ̀, kírísítà ló ń gba iná sára. Tó bá ń gòkè ṣáá, ó ń jò, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wáyà tẹmómítà bá ti fóltéèjì rìn pọ̀, iná kan tó bá fò lè ba ẹ̀rọ tó ń kà á jẹ́.