Èsì láti Òṣogbo lórí «ìpamọ́» àti «àkọsílẹ̀»

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Adó-Èkìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá bi wá pé kí ni ká máa pe iṣẹ́ kan tí àwọn tó ń bójú tó iṣẹ́ ọnà ń ṣe báyìí. Kí iṣẹ́ ọnà ìgbà tiwa yìí má baà bàjẹ́ mọ́ wa lójú, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ṣe é, wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè orúkọ gbogbo èròjà tó lò, nígbà tí ọwọ́ náà ṣì lágbára. Àbá tí ẹ̀gbọ́n mú wá ni «ìpamọ́ iṣẹ́-ọnà òde-òní nípasẹ̀ àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ ìṣẹ̀dá». Ẹni méjì ti kan sáárá sí i. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, èmi ò lè kan sáárá. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, síbẹ̀ bí mo bá kà á sétí ẹnikẹ́ni ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun níbí, yóò ní kí n tún un wí, bí mo bá sì tún un wí tán, yóò ní "ó dáa", kó lè ráyè lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gan-an. Àwa mélòó kan ní Òṣogbo ń múra láti lọ bá àwọn ìyá aláró àti àwọn tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère, ká lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Yorùbá. Àkọlé ojú ìwé kìíní ni mo ti há sí.

Ẹ jẹ́ kí n mú «ìpamọ́» kọ́kọ́. Ohun tí a bá pa mọ́, a gbé e kúrò lójú ni. Aṣọ ìnáwó là ń pa mọ́ sínú àpótí, àṣírí là ń pa mọ́. Igbó Ọ̀ṣun ńkọ́? Ilẹ̀ ibẹ̀ tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ère inú rẹ̀ wà ní gbangba, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, ewé ń hù sí wọn lára, àwọn olùjọsìn ń kúnlẹ̀ níwájú wọn, ọ̀bọ ń gun orí wọn. Bí ẹ bá pa wọ́n mọ́, ẹ ti sọ wọ́n di nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu àwọn tó súnmọ́ iṣẹ́ náà ni «tọ́jú». Ẹnì kan níbí kọ̀wé lánàá pé ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, a ń tọ́jú aláìsàn, a sì ń tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá na owó sí mi, tó ní "bá mi tọ́jú ẹ̀", kò ní kí n wo owó náà sàn, ohun tó ń sọ ni pé n kò gbọdọ̀ ná an. Ìwòsàn àti ìfipamọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti gbé méjèèjì. Èdè kì í sábà fúnni ní irú ẹ̀bùn yìí, ẹ má jẹ́ ká dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ère kan wà nínú agboolé kan tí n kò ní dárúkọ, sìmẹ́ńtì ni lójú, ẹni tó mọ ọ́n ti kú. Àwọn ọmọ ilé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ni wọ́n bá ra ọ̀dà olóróró tó ń dán gbinrin, wọ́n kùn ún látòkè délẹ̀. Òjò méjì kọjá, ojú ère náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ṣí bí èèpo. A pe bíríkìlà, ó fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ibi tó là. Ibi mẹ́ta mìíràn là. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a tó mọ̀ pé amọ̀ ló wà nínú, pé ìwọ̀nba sìmẹ́ńtì díẹ̀ ni bàbá náà fi bo ojú rẹ̀, tó sì fi irin gbé inú rẹ̀ ró. Amọ̀ ń mu omi, ó ń wú, ó tún ń súnkì; sìmẹ́ńtì tó le kì í bá a wú, kì í bá a súnkì, ó máa ń là ni. Ọ̀dà olóróró kò sì jẹ́ kí omi tó ti wọlé rí ọ̀nà jáde. Omi bá dé ọ̀dọ̀ irin, irin dógùn-ún, irin tó bá sì dógùn-ún máa ń fẹ̀ sí i, á wá fọ́ ère látinú. Ìfẹ́ ló ba ère yẹn jẹ́. Bí ẹnì kan bá ti bi bàbá náà ní ìbéèrè mẹ́ta péré nígbà tó wà láyé, à bá mọ irú ọ̀dà àti sìmẹ́ńtì tó yẹ ká lò. A bi ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá wa ló mọ̀."

Ìdí rèé tí iṣẹ́ yìí kì í fi í ṣe eré àwọn òyìnbó. Wọ́n pe àpérò ńlá lé e lórí ní Amsterdam ní 1997, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ INCCA sílẹ̀ ní 1999 kí àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà ìgbà yìí lè máa pín ìmọ̀ láàárín ara wọn. Wàhálà tiwọn jọ tiwa. Eva Hesse, tí wọ́n bí ní Jámánì tó sì ṣiṣẹ́ ní New York, fi oje rọ́bà ṣe iṣẹ́, ó kú ní 1970 lẹ́ni ọdún 34, oje náà ń pọ́n, ó ń gan, ó ń ṣẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè bi bóyá kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n jẹ́ kó kú. El Anatsui, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Gánà tó ti fi ọmọrí ìgò hun iṣẹ́ rẹ̀ ní Nsukka fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò tilẹ̀ ní kí iṣẹ́ náà ní ìrísí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbé e kọ́ ló máa ṣẹ́ ẹ, tó máa wé e. Bí ẹ bá tọ́jú ìṣẹ́po kan gẹ́gẹ́ bí òfin, ẹ ò tọ́jú iṣẹ́ Anatsui.

Ó yá, ó kan «àkọsílẹ̀ ìgbésẹ̀ ìṣẹ̀dá». Ìgbésẹ̀, ẹsẹ̀ là ń gbé níbẹ̀. Lẹ́nu àwọn oníròyìn ni mo ti ń gbọ́ ọ, "ìjọba ti gbé ìgbésẹ̀", ẹ sì mọ ibi tí ìgbésẹ̀ ìjọba máa ń gúnlẹ̀ sí. Ìṣẹ̀dá, ti Ọlọ́run ni, ti Ọbàtálá ni. N kò tíì gbọ́ ìyá aláró kan tó sọ pé òun ṣẹ̀dá àdìrẹ. Ó rẹ aṣọ láró ni.

Àdìrẹ gan-an ni ó là mí lójú. Ẹ tú u: à-dì-rẹ, ohun tí a dì, tí a sì rẹ. Orúkọ nǹkan náà ni bí a ṣe ṣe é! Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i: àdìrẹ oníko, ìko ni wọ́n fi dì í, àdìrẹ alábẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán an kó tó wọ inú aró, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ láfún ni wọ́n fi ya ọnà sí i lára kí aró má baà mú ibẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé kankan, síbẹ̀ orúkọ náà ti sọ fún ọmọ ọmọ wọn ohun tó yẹ kó mọ̀ kó tó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Agbẹ́gilére ńkọ́? Ó gbẹ́ igi, igi di ère. Amọ̀kòkò ńkọ́? Àwọn baba wa kì í pe oníṣẹ́ ọnà ní orúkọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe ni wọ́n fi ń pè é. Ìlú yìí pàápàá, nínú ìtàn tí à ń pa, ìgbà tí igi tí wọ́n gé wó lu inú odò ni Ọ̀ṣun kígbe pé, "Òṣó igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìkòkò aró mi lẹ fọ́ tán." Nídìí aró ni wọ́n bá òrìṣà. (Àwọn tó ń wá ìtumọ̀ mìíràn fún orúkọ Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un lọ sí abẹ́ àkọlé mìíràn.)

Nítorí náà «ọwọ́» ló yẹ kó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo bi ìyá aláró kan ní àdúgbò wa pé báwo ló ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó. Ó tọ́ ọ lá, ó tutọ́, ó ní, "Ó ku ọ̀la." Mo ní kí ló ń tọ́ wò. Ó rẹ́rìn-ín mi. Ó ní ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ahọ́n ló jẹ́rìí. Ipa ọwọ́ ni mo fẹ́ ká máa pè é, bí a ṣe ń sọ ipa ẹsẹ̀. Ẹnì kan lè ní ká sún un kì di «ipawọ́», bí ipa ẹsẹ̀ ṣe di ipasẹ̀. Èmi ò fẹ́ ẹ, òǹkàwé lè ṣì í kà bí «ìpawọ́dà». Ẹ jẹ́ ká fi àlàfo sáàárín wọn.

Lórí «àkọsílẹ̀», kọ ni ìdí rẹ̀, kíkọ ni. Ahọ́n ìyá yẹn kò ṣeé kọ. Àkójọ Ulli Beier, òyìnbó tó kó iṣẹ́ ọnà Yorùbá jọ, wà nílùú yìí, ní Centre for Black Culture and International Understanding, fọ́tò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé fọ́tò jẹ́ àkọsílẹ̀? Fídíò tó ń fi ọwọ́ ìyá tó ń po ẹ̀kọ hàn ńkọ́? «Ìgbàsílẹ̀» ni mo fara mọ́. A ti ń gba ohùn sílẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ti dé, a ń gba àwòrán sílẹ̀, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ àgbà sínú ìwé náà ń gbà á sílẹ̀.

Ẹnì kan kọ̀wé sí èmi nìkan ní ìkọ̀kọ̀ pé «ìgbàsílẹ̀» ni ti ẹni tí wọ́n yọ nínú ewu, pé bí èèyàn bá rí «ìgbàsílẹ̀ iṣẹ́ ọnà», yóò rò pé àwọn ajínigbé ló gbé e lọ, tí a sì san owó kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ẹ wo gírámà rẹ̀. Tí a bá gba ẹnì kan sílẹ̀ nínú ewu, «lọ́wọ́» ló ń tẹ̀ lé e: a gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ olè. Tí a bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, «sórí» tàbí «sínú» ló ń tẹ̀ lé e: a gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́nu, àwọn méjèèjì kì í dàrú. Nínú orúkọ ni wọ́n ti jọ ara wọn, tí a bá sì ti so «ipa ọwọ́» mọ́ ọn, ó ti yanjú. Kí n má purọ́, ó tilẹ̀ dùn mọ́ mi pé wọ́n jọ ara wọn. Ohun tí mo bá gbà sílẹ̀ sórí fóònù lẹ́nu bàbá onísìmẹ́ńtì kan, mo ti gbà á lọ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ère agboolé yẹn.

Àbá «oríkì iṣẹ́» tí àbúrò wa láti Ìlọrin mú wá dùn létí, ṣùgbọ́n oríkì ń yinni ni. Kò sí oríkì tó máa sọ irú gọ́ọ̀mù tí Jímọ̀ Bùráímọ̀, oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo níbí, fi ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó, gọ́ọ̀mù sì ni ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ kì í jẹrà.

«Òde-òní» ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ọmọ Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Twins Seven-Seven tó wà lára wọn ti kú láti 2011, Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger), oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Ọ́stríà ní 1915, ti sùn ní Òṣogbo níbí láti 2009, a ṣì ń pe iṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ òde òní. Àmọ́ lórí fọ́ọ̀mù tèmi, mo yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ìyá aláró kò nílò rẹ̀.

Àkọlé tí mo ní báyìí ni «Ìgbàsílẹ̀ ipa ọwọ́ fún ìtọ́jú iṣẹ́ ọnà». Ìbéèrè kìíní: «Báwo lẹ ṣe ṣe é?» Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn, tí mo rò pé ó le jù: «Ṣé ẹ fẹ́ kó pẹ́ láyé?» Àwọn kan lè ní rárá, ìyẹn náà a ó gbà á sílẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí mo há sí. Adébísí Àkànjí ń ṣe bíríkìlà kó tó máa fi sìmẹ́ńtì dárà ní Igbó Ọ̀ṣun. Kí ni ká pè é? Agbẹ́gilére kọ́, kò gbẹ́ nǹkan kan. Amọ̀kòkò kọ́. Mo gbìyànjú «amọsìmẹ́ńtìlére», ọmọ mi ní ó ń dún bí orúkọ oògùn. Ọjọ́bọ̀ ni a máa lọ bá ẹni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, kó jọ̀wọ́ fi í ránṣẹ́ kó tó di alẹ́ Ọjọ́rú.