"Aríni" kọ́, "amọ̀rìn" ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé ká máa pe ẹ̀rọ rìbìtì tí wọ́n ń dè mọ́ àjà, tó ń tan iná bí èèyàn bá wọlé tó sì ń pa á bí yàrá bá ṣófo, ní "aríni". N kò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rọ yìí kì í rí èèyàn, ìrìn ló ń mọ̀. "Amọ̀rìn" ni mo fara mọ́.

Ẹ wo èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí àwọn oníṣẹ́ iná n'Íbàdàn ń pè ní "sẹ́ńsọ̀" lásán. Ooru ara wa ló ń dúró dè. Awò funfun tó bò ó lójú ti pín yàrá sí ẹkùn wẹ́wẹ́. Ìgbà tí ooru bá kúrò nínú ẹkùn kan bọ́ sí òmíràn ló tó ta kìjí. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà kò kúrò lójú kan, iná á sì kú lé e lórí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n sí "aríni" á ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Kí wọ́n yí àkókò ìdúró rẹ̀ kúrò ní ìṣẹ́jú 1 sí 15, kí wọ́n sì dè é síbi tí èèyàn á ti máa dábùú rẹ̀, torí kì í tètè mọ ẹni tó ń bọ̀ wá bá a tààrà. Gíláàsì tí ojú wa ń rí òdìkejì rẹ̀ ń dí i pátápátá. Nínú ooru oṣù Kẹta, tí yàrá bá gbóná tó 34 °C, ara èèyàn àti ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná bákan náà, ibi tí agbára rẹ̀ dé á sì dínkù. Ṣé bí aríni ṣe ń ṣe nìyẹn?

Irú kejì ń ju ìgbì rédíò 5.8 GHz síta, ó sì lè gba inú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ ẹni tó ń kọjá ní kọ́rídọ̀. Ìrìn náà ni.

Nínú àwọn orúkọ mìíràn tí a lè rò, "afura" dùn létí, ṣùgbọ́n "afurasí" ti di ti ọlọ́pàá. "Ojú-àjà" kò kó ti ara ògiri mọ́ra.

Ibi tó yẹ ká ti jiyàn dáadáa ni ti oríṣi méjì yìí: èyí tó ń dá iná tan, àti èyí tí a ó fọwọ́ tan súìṣì rẹ̀, tí yóò kàn bá wa pa á. Ẹ má jẹ́ ká pe ìkejì ní "apaná". Panápaná ló máa wá síni lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ èéfín wà lára àjà kan náà. Mo dábàá "adátan" àti "afọwọ́tan". Ìyàtọ̀ wọn kan owó: bí wọ́n bá mú iná dé, ọ̀pọ̀ adátan á kọ́kọ́ tàn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 nínú yàrá òfìfo.

Ó ku orúkọ bọ́tìnnì LUX, tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ ṣú tó kí iná tó tàn. "Ìwọ̀n òkùnkùn" ni mo ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá.