Ìdáhùn: “Ọ̀nà 012” kọ́, “ìtànṣán 012” ni

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo ti ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ tí arákùnrin wa tó ń gbé Kétu gbé kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo fẹ́ dá lóhùn. Ó ní òun ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ bí àwọn awakọ̀ òfuurufú ṣe ń fi rédíò mọ̀nà kí GPS tó dé, òun sì ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ó dábàá pé kí a máa pe ohun tí ìwé Faransé ń pè ní “radiale”, ìyẹn ìlà tó ti ara ibùdó rédíò VOR jáde, ní “ọ̀nà”: ọ̀nà 012, ọ̀nà 057, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá wa àgbà, ọmọ Kétu lòun náà, ní kí a lo “àlọ” àti “àbọ̀”. Ìyá wa tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà ní Ṣábẹ ní “okùn” ló yé ènìyàn jù, kí a pe ibùdó rédíò náà ní “èèkàn”. Mo ka gbogbo rẹ̀. Mo sì gbé e lọ síwájú kọ̀ǹpútà, nítorí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà ń kọ́ iṣẹ́ yìí nínú yàrá mi lálaalẹ́ tí iná bá wà. (Mo ń fi ẹ àti ọ kọ̀wé níbí dípò ɛ àti ɔ tí wọ́n fi kọ́ wa ní Benin, kí gbogbo ilé lè kà á.)

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: VOR jẹ́ ibùdó kan lórí ilẹ̀ tó ń fọ́n ìgbì rédíò ká gbogbo àyíká rẹ̀, láàárín 108 sí 117.95 megahertz. Àmì méjì ló ń rán jáde. Ọ̀kan rí bákan náà níbi gbogbo. Èkejì ń yí ká bí ìgbà tí ènìyàn dúró sójú kan tó ń fi iná tọ́ọ̀ṣì yípo, ìgbà 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ inú bàálù á fi àmì méjèèjì wé ara wọn; bí èkejì ṣe pẹ́ sí ti àkọ́kọ́ tó ni yóò fi mọ apá ibi tí òun wà sí ibùdó náà. Àríwá kọ́ńpáàsì la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kà: 90 ní ìlà-oòrùn, 180 ní gúúsù, 270 ní ìwọ̀-oòrùn. Ìlà 360 ló ti ara ibùdó kan jáde. Àwọn ìlà wọ̀nyí là ń wá orúkọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Mo ti fi rúlà wọn àwòrán ilẹ̀ wa. Bí a bá dúró ní ibùdó VOR Kútọnu, Àjàṣẹ́ wà ní nǹkan bí ìlà 57, máìlì òkun 15 tàbí 16. Kétu wà ní ìlà 12, nǹkan bí máìlì òkun 60. Ṣábẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní àríwá gan-an, ìlà 3 tàbí 4, ó sì tó máìlì 100. Máìlì òkun kan jẹ́ mítà 1,852. Lójú kọ̀ǹpútà, a gbé bàálù kékeré kan sí òfuurufú lókè Kétu, a fẹ́ wà á wá sí Kútọnu. Ọ̀rọ̀ tuntun tí arákùnrin wa mú wá dùn mọ́ mi lẹ́nu, mo sì wí fún ọmọ náà pé, “Gba ọ̀nà 012 lọ sí Kútọnu.”

Ó yí bọ́tìnnì tí a fi ń yan ìlà sí 012. Kí ni kò bá tún ṣe? Ọ̀nà 012 ni mo ní kó gbà. Ó kọjú bàálù sí gúúsù, ó ń wo abẹ́rẹ́ tó ń fi apá ibi tí ìlà náà wà hàn. Abẹ́rẹ́ yà sọ́tùn-ún, òun náà yà sọ́tùn-ún. Abẹ́rẹ́ tún sún, ó tún lé e. Nígbà tó yá, abẹ́rẹ́ ti lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ìyẹn ni pé a ti fi igun (degree) 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yà kúrò lójú ìlà wa, tí a sì ń sún mọ́ odò Ouémé. Ọmọ náà bi mí pé, “Bàbá, ṣé ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́ ni?”

Kò bàjẹ́. Láti Kétu wá sí Kútọnu, 192 ló yẹ kó yí i sí, ìyẹn 12 pẹ̀lú 180. Ìlà tí a wà lórí rẹ̀ ni 012. Ibi tí a forí lé ni 192. Bí o bá ń bọ̀ wálé tí o fi bọ́tìnnì sí iye ìlà tó jáde láti ilé, òdìkejì ni abẹ́rẹ́ yóò máa sọ fún ọ: ọ̀tún á di òsì, òsì á di ọ̀tún. Ẹnu mi ni àṣìṣe náà ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ.

Ìdí rẹ̀ rèé tí mo fi ní “ọ̀nà” kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Lédè wa, ibi tí ọ̀nà lọ ló ń fún un lórúkọ. Ní Kétu, ọ̀nà Pọ́bẹ̀ ni ọ̀nà tó lọ sí Pọ́bẹ̀. Dé Pọ́bẹ̀ kí o yíjú padà, ọ̀nà Kétu ni ọ̀nà kan náà ń jẹ́. Àwa níbí ń pè é ní ọ̀nà Kútọnu, àwọn ará Kútọnu ń pè é ní ọ̀nà Àjàṣẹ́, bẹ́ẹ̀ afárá kan náà ni gbogbo wa ń gùn kọjá. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ìyẹn ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n ìlà VOR kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá ń lọ, 012 ni. Bí o bá ń bọ̀, 012 náà ni. Bí o bá gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, 012 ṣì ni. Orísun rẹ̀ ló fún un lórúkọ, kì í ṣe ibi tó lọ. Ọmọ tó gbọ́ “ọ̀nà 012” tó sì rò pé apá 012 ni kí òun forí lé gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Ní ti “àlọ” àti “àbọ̀”, mo mọ ohun tí bàbá wa ń wá. Ìwé Faransé ní QDM fún igun tí ó kọ sí ibùdó, QDR fún èyí tó ti ibùdó jáde, bàbá sì fẹ́ kí a ní orúkọ méjì tí kò ní jọra. Àmọ́ ẹ wo ìwé tí bàbá kọ àti èsì tí arákùnrin wa fún wọn. Bàbá ní àlọ ni QDM, nítorí awakọ̀ ń lọ sí ibùdó. Arákùnrin wa tún un kọ pé àlọ ni QDR, nítorí ìlà náà ń lọ kúrò ní ibùdó. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. “Bọ̀” àti “lọ” ń wo ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fi ilé sí ni. Àní ẹni tó ń jáde lọ gan-an ló máa ń wí pé “mò ń bọ̀”, a sì mọ̀ pé ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ tó dára bẹ́ẹ̀ fún ilé kò dára fún ọ̀run tí ibùdó àti bàálù jọ ń sọ̀rọ̀.

Okùn ni mo ro jù. Mo lo odindi ọjọ́ méjì lórí rẹ̀, torí pé ìyá wa mọ ohun tó ń sọ: a kan èèkàn mọ́lẹ̀, a so okùn mọ́ ọn, gbogbo okùn ti ara èèkàn wá. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n okùn kò fẹ̀ lókèèrè ju bó ṣe fẹ̀ nídìí èèkàn lọ. Àwọn ìlà wọ̀nyí sì ń fẹ̀ síra wọn bí wọ́n ṣe ń jìnnà. Ní máìlì 60, igun kan péré tó máìlì kan lórí ilẹ̀, ẹni tó bá sì fi igun kan ṣìnà láti Kútọnu yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kétu ní nǹkan bí mítà 1,852. Ní máìlì 6, igun kan náà kò ju nǹkan bí mítà 185 lọ. Ìyẹn ló fà á tí abẹ́rẹ́ fi ń rọra sún lókèèrè, tí yóò sì máa ta kíkankíkan bí o bá ti sún mọ́ ibùdó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀rọ̀ “okùn” wà lọ́kàn rẹ̀ yóò máa lé abẹ́rẹ́ kiri nígbà náà. Èyí tó mọ̀ pé ìtànṣán ni òun ń bá lọ mọ̀ pé orísun ni òun ń sún mọ́, ibi tí gbogbo wọn ti pàdé.

Torí náà, ìtànṣán. Ìtànṣán oòrùn, ara oòrùn ló ti wá, yálà o kọjú sí oòrùn tàbí o kọ̀yìn sí i. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé ìtànṣán yìí ń lọ ni àbí ó ń bọ̀. Ó ń fẹ̀ bó ṣe ń jìnnà. Ìyá wa ní àwọn obìnrin tí òun ń kọ́ kò mọ̀ ọ́n àfi pẹ̀lú oòrùn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Oòrùn yẹn gan-an ni kí wọ́n fojú inú wò.

Ṣùgbọ́n èèkàn, mo gbà á lọ́wọ́ yín. “Ibùdó” tí gbogbo wa ń lò ti rù ju agbára rẹ̀ lọ: ibùdó ọkọ̀, ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibùdó àwọn ológun. Awakọ̀ tó bá gbọ́ “ibùdó” lè rò pé pápákọ̀ òfuurufú ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ VOR ló dá wà nínú igbó, jìnnà sí pápákọ̀ èyíkéyìí. Èèkàn rédíò: ohun tí a kàn mọ́lẹ̀ tí kì í kúrò níbẹ̀, tí a fi ń mọ ibi tí a wà. Láti ibí lọ, òun ni èmi yóò máa lò.

Ibi tí à ń lọ wá ńkọ́, ìyẹn 192 ọjọ́ Ẹtì? A ti ní in nílé. “Ó forí lé Kútọnu.” Ìforílé ni QDM. A tún ní “kọjú sí”, fún apá ibi tí imú bàálù dá sí, èyí tí Faransé ń pè ní “cap”. Ìkọjúsí ni tèmi. Ohun tí wọ́n ń pè ní “route”, ibi tí bàálù gbà lórí ilẹ̀ ní tòótọ́ lẹ́yìn tí atẹ́gùn ti tì í, ipa ni. Mẹ́ta ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí a pa wọ́n pọ̀. VOR kò bìkítà fún ìkọjúsí rárá: yí bàálù yípo lójú kan, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò ní mì, torí ibi tí o wà ló ń sọ. Abẹ́rẹ́ NDB, irú èèkàn rédíò mìíràn, yàtọ̀. Èèkàn ni òun ń nàka sí láti imú bàálù, ó sì ń yí bí imú bá ti ń yí.

Lórí àsíá kékeré tó ń fi hàn bóyá iye tí o yí bọ́tìnnì sí kọ sí èèkàn tàbí ó kọ̀yìn sí i, arákùnrin wa kọ SÍ àti LÁTI. SÍ dára. Ṣùgbọ́n “láti” ní ojú méjì: “láti Kétu”, “láti lọ sí Kétu”. Lójú ẹni tó ń kánjú, ọ̀rọ̀ kan náà ń tì í kúrò, ó sì tún ń rán an lọ. KÚRÒ ni kí a kọ. Ibi tó dà bí àrọ lókè èèkàn, tí abẹ́rẹ́ ti ń ṣe ségesège tí àsíá sì ń pa rẹ́, ẹ jẹ́ kí a pè é ní àrọ, bí èyí tí àwọn tó ń ta epo kpayo (epo fàyàwọ́) lẹ́bàá títì fi ń da epo sínú ìgò: ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ ló wà lókè, ìdí rẹ̀ tó tín-ín-rín ló wà nílẹ̀.

Ohun kan wà tó wú mi lórí gan-an. Àwọn àgbà wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. VOR àti NDB, asọ̀rọ̀mágbèsì pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ṣáá, wọn kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń gba NDB tilẹ̀ lè gba ilé iṣẹ́ rédíò orí ìgbì alábọ́ọ́dé, kí abẹ́rẹ́ sì nàka sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìròyìn. DME, èyí tó ń sọ bí bàálù ṣe jìnnà sí èèkàn tó, kọ́. Bàálù ló ń kọ́kọ́ bèèrè, èèkàn á dúró fún àádọ́ta nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá, á sì dáhùn. Àkókò tí ìbéèrè àti èsì fi lọ tó fi bọ̀ ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe jìnnà tó. Asọ̀rọ̀gbèsì ni. Ẹ kàn yọ “má” kúrò, ẹ óò rí i pé àwọn tó sọ rédíò lórúkọ ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Jíjìn tó ń kà jẹ́ ti okùn tí a bá nà láti bàálù dé èèkàn, kì í ṣe ti orí ilẹ̀: bí o bá wà lókè èèkàn gan-an ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000, máìlì 1 ni yóò pè é, kò ní pè é ní òdo. Níbí ni mo ti rò pé okùn ìyá wa yóò rí iṣẹ́ ṣe: jíjìn okùn.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí n kò rí orúkọ fún. Ẹ wo ẹni tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ sọdá ọ̀sà wa. Omi ń gbé e lọ sápá kan, nítorí náà kì í kọjú ọkọ̀ sí ibi tó ń lọ gan-an. Á kọjú rẹ̀ sí òkè omi díẹ̀, omi á sì gbé e bọ́ síbẹ̀. Ohun kan náà ni awakọ̀ ń ṣe sí atẹ́gùn kí ó má baà kúrò lórí ìtànṣán. Kí ni àwọn atukọ̀ ń pe ìwọ̀n tí wọ́n fi ń yà sí òkè omi yẹn? Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo ń lọ bi wọ́n létí ọ̀sà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá odò Ọ̀kpárá ní Ṣábẹ, ẹ bá mi bi àwọn tiyín.