A fi ebi pa sẹ́ẹ̀lì HeLa, LC3-II ò pọ̀ sí i. Kí ló fà á?

Ọmọ UnderG, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà lábù. Iṣẹ́ àṣekágbá wa lórí autophagy (bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń jẹ ẹrù inú ara rẹ̀) ló fẹ́ rú wa lójú. A yọ serum (omi ara ẹ̀jẹ̀) kúrò nínú DMEM (omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì), a fi HeLa (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ènìyàn tí wọ́n ń tọ́ ní lábù) sínú rẹ̀ fún wákàtí 4, a wá ṣe western blot (ọ̀nà tí a fi ń rí protein bí ìlà). Ìlà LC3-II (protein tó máa ń wà lára àpò autophagy) fẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn tó jẹun yó lọ, p62 (protein tí autophagy máa ń jẹ) náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ dínkù. Wọ́n ní ká fi rapamycin (oògùn tó ń dí mTOR) kún un. Ẹlòmíràn ní AMPK (tó ń ṣọ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì) ló yẹ ká máa wò, kì í ṣe mTOR (tó ń dá autophagy dúró nígbà tí oúnjẹ bá wà). Ká tó tún náwó, ẹ jọ̀ọ́: ṣé ebi ọ̀hún ni kò pa wọ́n, àbí àwa ni a ò mọ àbájáde kà?

Àdùkẹ́ Lysosome
Ebi kò tíì pa wọ́n. Serum lẹ yọ, ẹ ò yọ oúnjẹ. Amino acid ṣì wà nínú DMEM: leucine ibẹ̀ tó nǹkan bíi 0.8 mM, arginine wà níbẹ̀, glutamine sì sábà máa ń jẹ́ 4 mM. Ohun tó bá serum lọ jù ni insulin àti àwọn growth factor yòókù.

mTORC1 (àkójọ protein tí mTOR wà nínú rẹ̀) gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ sórí lysosome (ikùn sẹ́ẹ̀lì) kó tó lè ṣiṣẹ́. Rag (protein ni, bíi Sestrin2, CASTOR1, GATOR, Rheb àti TSC tó ń bọ̀) ló ń fà á débẹ̀, amino acid ló sì ń fún Rag lágbára. Bí leucine bá pọ̀, á lẹ̀ mọ́ Sestrin2, Sestrin2 á sì jọ̀wọ́ GATOR2. Bákan náà ni arginine ń ṣe fún CASTOR1. GATOR2 tó ti bọ́ yìí á wá ká GATOR1 lọ́wọ́ kò, nítorí GATOR1 ló máa ń mú Rag rọ. Èyí kò tíì tó o. Bí mTORC1 bá ti dé orí lysosome, Rheb ló máa jí i, growth factor ló sì ń lé TSC, tó ń dá Rheb dúró, sẹ́yìn kí Rheb lè ráyè. Ẹ wá wò ó: Rheb nìkan lẹ fọwọ́ kàn, Rag ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. mTORC1 á rọ díẹ̀, àmọ́ kò ní dákẹ́.

Níwọ̀n ìgbà tí kò bá dákẹ́, á máa fi fósífétì lé ULK1 (protein tó ń bẹ̀rẹ̀ autophagy) lórí ní ojúkò Ser757, ULK1 kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀ autophagy. (Nọ́mbà ti eku nìyẹn; Ser758 ni lára HeLa, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tó wà lára ìgò antibody dà yín láàmú.) Ó tún ń fi fósífétì sí TFEB (tó ń tan jíìnì autophagy) ní Ser211 kó má baà wọ núkílíọ́ọ̀sì.

Ẹ fi PBS (omi iyọ̀) tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mejì, torí ìwọ̀nba DMEM tó bá kù nídìí àwo ń gbé amino acid wá. Lẹ́yìn náà, EBSS (omi iyọ̀ tí kò ní amino acid) ní 37°C fún wákàtí 1 sí 2. Kẹ́ ẹ tó wo LC3 rárá, ẹ wo S6K ní Thr389 (ibi tí mTORC1 ń fi fósífétì sí lára rẹ̀). Bí ìlà yẹn kò bá pòórá, ebi kò pa wọ́n nìyẹn. Ẹ má sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú: amino acid tí autophagy fúnra rẹ̀ ń tú sílẹ̀ lè jí mTORC1 padà.

Ní ti AMPK: nígbà tí ATP bá ń lọ sílẹ̀ tí AMP àti ADP ń gòkè ló máa ń mọ̀. Glucose 1 g wà nínú lítà EBSS kan, nítorí náà AMPK kọ́ ni ẹ̀rí ebi yín. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti di àríyànjiyàn. Ní 2011, wọ́n fi hàn pé ó ń ta ULK1 jí ní Ser317 àti Ser777. Ní 2023, iṣẹ́ mìíràn ní ńṣe ló ń fà á sẹ́yìn nígbà tí glucose bá wọ́n. Èmi ò ní kọ́ iṣẹ́ àṣekágbá lé e lórí.

Ọmọ Aláàfin
Àdùkẹ́ ti sọ ti ebi. Ti kíkà ló kù. Bí èrò bá fọ́n ká ní gáréèjì Takie, ó lè jẹ́ pé èrò kò jáde, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ ń yára gbé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni LC3-II tó kéré, torí lysosome máa ń jẹ ẹ́ mọ́ ẹrù inú rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ dúró: bafilomycin A1 (Baf, oògùn tó ń dí lysosome), 100 nM, ní wákàtí 2 tó kẹ́yìn. Kòtò mẹ́rin: yó, yó pẹ̀lú Baf, ebi, ebi pẹ̀lú Baf. DMSO (omi tí a fi ń yọ́ Baf) iye kan náà lọ sínú àwọn tí kò gba Baf. Ìyàtọ̀ tí Baf dá sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wé ara wọn, kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo. Ẹ má ka S6K nínú kòtò Baf o, torí V-ATPase (ẹ̀rọ tó ń fa ásíìdì sínú lysosome) tí Baf ń dí wà lára ohun tí mTORC1 fi ń mọ̀ pé amino acid wà.

p62 nìkan kò tó ẹ̀rí, sẹ́ẹ̀lì lè máa ṣe tuntun bó ṣe ń jẹ ti àtijọ́. Rapamycin náà kì í pa gbogbo iṣẹ́ mTORC1, 4E-BP1, ọ̀kan nínú àwọn tí mTORC1 ń fi fósífétì sí, sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Torin1, oògùn mìíràn tó ń dí mTOR, ní 250 nM ló dára jù.

Fún western blot: gẹ́ẹ̀lì 15%, PVDF (awẹ́ tí protein ń lẹ̀ mọ́) tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.2 µm. Ti 0.45 á jẹ́ kí LC3 gba inú rẹ̀ kọjá. Actin ni kẹ́ ẹ fi díwọ̀n LC3-II, ẹ má fi LC3-I ṣe é: yíyọ́ àti dídì léraléra ń bà á jẹ́.

Ọmọ UnderG, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣé gan-an ni. Bí iná bá lọ nígbà tí wọ́n wà nínú EBSS ńkọ́?

Àdùkẹ́ Lysosome
Ẹ má ṣílẹ̀kùn incubator. CO2 5% ni bicarbonate inú EBSS ń fẹ́. Bó bá sá lọ, pH á gòkè, EBSS á sì pọ́n bí osùn títí yóò fi fẹ́ di àwọ̀ àlùkò. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ da ìdánwò yẹn nù. Ẹ fi HEPES 20 mM kún un tẹ́lẹ̀. Àwọn kòtò tó yó náà gbọ́dọ̀ gba DMEM tuntun ní ìṣẹ́jú kan náà tí àwọn yòókù gba EBSS, torí pípààrọ̀ omi nìkan tó láti ta mTORC1 jí.