Ìrírí mi: yíya fọ́tò ògiri tójò ti pa nínú ọgbà Suzhou

Ẹ̀yin ará, tèmi rèé. Shanghai ní orílẹ̀-èdè China ni mo ń gbé, ìlú Suzhou kò sì jìnnà. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin ayárabíaṣá, nǹkan bí ìdajì wákàtí ni mo ti débẹ̀. Àwọn ọgbà àtijọ́ ibẹ̀ ni UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé lọ́dún 1997, wọ́n sì fi àwọn mìíràn kún un lọ́dún 2000. Adágún omi, afárá àti òdòdó ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yà níbẹ̀. Ògiri ni èmi ń wá, àgàgà èyí tí funfun rẹ̀ ti ń ṣí.

Ẹfun tí wọ́n rí látara òkúta sísun ni wọ́n fi ń rẹ́ ògiri náà, wọ́n á sì fi amọ̀ sísun aláwọ̀ eérú bo orí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà sí oṣù keje, òjò ibẹ̀ kì í fẹ́ dá. Omi á máa kán láti etí amọ̀ yẹn, á fa ìlà dúdú sílẹ̀ lára ògiri. Omi inú ilẹ̀ náà á máa gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, á gbé iyọ̀ dání. Ẹfun á wú, á sì máa bó. Ewédò á gba ẹsẹ̀ ògiri. Ji Cheng, tó kọ ìwé nípa ọgbà ṣíṣe láyé ìjọba Ming, ní kí ògiri funfun jẹ́ ìwé, kí òkúta jẹ́ àwòrán orí rẹ̀. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òjò náà mọ àwòrán yà. Mo ti rí òkè àti ìkùukùu lára ògiri tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn.

Nínú àwọn ọgbà Suzhou, Canglang Ting ni mo fẹ́ràn jù. Láti ayé ìjọba Song, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, fèrèsé oníhò ọlọ́nà ibẹ̀ sì jẹ́ 108 tí ọ̀kankan kò jọra. Ọgbà Zhuozheng Yuan tóbi, ó lẹ́wà, àmọ́ èrò pọ̀ níbẹ̀ débi pé ògiri kì í ṣófo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní New York lè rí àfarawé àgbàlá kan láti Wangshi Yuan, ọgbà Suzhou mìíràn, nínú Metropolitan Museum, ó ti wà níbẹ̀ láti 1981. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé gíláàsì ló wà, òjò kì í kàn án.

Ọjọ́ kan ni mo bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rẹ́ ògiri kan ní ẹfun tuntun. Àgbàlagbà kan nínú wọn bi mí pé kí ni mò ń yà lára ibi ìdọ̀tí. Mo kí i, mo pè é ní shifu bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, mo sì fi fọ́tò inú kámẹ́rà hàn án. Ó wò ó pẹ́. Ó ní bí wọ́n bá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ibi tó bó, omi kò ní rí ọ̀nà jáde, ibòmíràn ni yóò gbà bàjẹ́. Ẹfun ló ń jẹ́ kí ògiri mí. Ó wá mú mi lọ sẹ́yìn ọgbà, síbi tí wọn kò tíì dé. Fọ́tò ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí tí mo ní.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ẹ lọ lẹ́yìn òjò, kí ojú ọ̀run ṣì ṣú díẹ̀. Ìlà dúdú máa ń hàn kedere lára ògiri tútù. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa pa á rẹ́. Kámẹ́rà a máa sọ funfun di eérú, nítorí náà ẹ fi ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kún un díẹ̀ lórí kámẹ́rà yín. Ẹ dojú kọ ògiri tààrà kí fèrèsé má bàa wọ́.

Ìlú Yangzhou ló kàn mí báyìí, nítorí bíríkì eérú lásán ni ọ̀pọ̀ ògiri Ge Yuan, ọgbà kan níbẹ̀, wọn kò rẹ́ ẹ. Ta ló ti débẹ̀ nígbà òjò? Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni bíríkì yẹn ṣe ń rí bó bá tutù?