Ẹja discus kan dúdú, ó ń tu oúnjẹ dànù, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun: ṣé Flagyl ni àbí omi?

Ọmọ_Ìgbógbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ja. Discus 5 ló wà nínú táǹkì gíláàsì lítà 250 níbí ní Ìgbógbo, Ìkòròdú. Hítà wà ní 29°C. Omi bọhóòlù ni, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà á sókè, tààrà ló sì ń wọ inú táǹkì ẹja. Ọ̀kan ti dúdú, ó fara mọ́ igun, ó dorí kodò díẹ̀. Tí mo bá da oúnjẹ, á sáré wá, á gbé e sẹ́nu, á sì tu ú dànù. Ìgbẹ́ rẹ̀ funfun, ó gùn bí òwú. Àwọn 4 yòókù ń jẹun, àmọ́ tí mo bá ti pààrọ̀ ìdajì omi, gbogbo wọn á máa mí gúlegúle títí di alẹ́. Ṣé kí n da Flagyl sí i? Mélòó?

Ẹlẹ́ja_Ẹbúté
Ẹ má dà á sínú táǹkì ńlá yẹn o. Ara dúdú, títu oúnjẹ àti ìgbẹ́ funfun, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, kòkòrò inú ìfun tí wọ́n ń pè ní Hexamita ló sábà máa ń fà á. Ìgbẹ́ funfun nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ẹja tí kò jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan náà á yàgbẹ́ funfun. Ẹ wo òkè ojú rẹ̀ dáadáa bóyá ihò kéékèèké ti ń lu níbẹ̀.

Ẹ wá táǹkì lítà 60, ẹ má da yanrìn sí i, fóòmù tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ti tó fún asẹ́. Omi táǹkì ńlá ni kí ẹ fi kún un. Ẹ gbé hítà lọ sí 32°C díẹ̀díẹ̀, kó má ju 1°C lọ ní wákàtí mélòó kan. Kí afẹ́fẹ́ máa hó gidi, torí omi gbígbóná kì í gba ọ́síjìn púpọ̀. Ẹ lọ Flagyl 400 mg ẹyọ kan kúnná, ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó kí ẹ tó dà á sí i. Lójoojúmọ́, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi, kí ẹ tún fi 400 mg mìíràn sí i, fún ọjọ́ 5. Bí èédú bá wà nínú asẹ́, ẹ yọ ọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fa oògùn náà mu. Ẹ má lo Flagyl olómi ti àwọn ọmọdé, ṣúgà inú rẹ̀ á ba omi jẹ́.

Bó bá ṣì ń gbé oúnjẹ mì, oògùn inú oúnjẹ dára jù, torí inú ìfun gan-an ló ń bọ́ sí. Ẹyọ 200 mg márùn-ún fún 100 g ọkàn màlúù lílọ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Omi
Ẹ̀gbọ́n Ẹbúté, mo gbà fún yín lórí èyí tó dúdú. Àmọ́ kí ẹja márààrún máa mí gúlegúle lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ omi, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ Hexamita. Ọmọ Ìgbógbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn pH táǹkì (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), pH omi bọhóòlù bó ṣe ń ti ẹnu ẹ̀rọ jáde, àti pH omi yẹn kan náà lẹ́yìn tí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ ẹ fún wákàtí 24. Ẹ wọn amóníà táǹkì pẹ̀lú, ìyẹn májèlé tó ń ti ara ìdọ̀tí ẹja wá.

Ọmọ_Ìgbógbo
Ẹ ṣeun, ma. Táǹkì: 5.4. Ẹnu ẹ̀rọ: 5.2. Lẹ́yìn wákàtí 24: 6.4. Amóníà: 2 ppm (mílígíráàmù 2 nínú lítà kan). Mo ti ra baking soda sílẹ̀ kí pH lè gòkè.

Àbẹ̀kẹ́_Omi
Ẹ gbé baking soda yẹn sílẹ̀ ná! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí.

pH tó fò láti 5.2 sí 6.4 fi hàn pé carbon dioxide kún inú omi náà láti abẹ́ ilẹ̀, ọ́síjìn rẹ̀ sì kéré. Òun ni ẹja ń bá jà títí di alẹ́, kó tó fẹ́ jáde tán. Ẹ gba omi sínú dúróòmù, kí afẹ́fẹ́ hó nínú rẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ sì mú un gbóná dé ìwọ̀n ti táǹkì kí ẹ tó lò ó.

Ti amóníà ló léwu jù. Bí pH bá ti wà lábẹ́ 6, àwọn bakitéríà tó ń jẹ amóníà á fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ìdí nìyẹn tó fi ń pọ̀. Ní pH 6 àti 30°C, apá tó lè pa ẹja nínú amóníà yẹn kò tó ìdá 1 nínú 1,000. Ní pH 8, ó tó ìdá 7 nínú 100. Tí ẹ bá da soda sí i lónìí, 2 ppm tó ń sùn lọ́wọ́ báyìí á jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lé amóníà jáde. Ẹ pààrọ̀ ìdá 15 sí 20 nínú 100 lójoojúmọ́ pẹ̀lú omi dúróòmù, ẹ dín oúnjẹ kù, títí amóníà á fi wálẹ̀ dé 0.25 ppm. Lẹ́yìn ìyẹn ni baking soda, kì í ṣe baking powder: ṣíbí kékeré kan, bíi 6 g, fún lítà 200 omi dúróòmù. Ìyẹn á gbé KH, ìyẹn agbára omi láti má jẹ́ kí pH já wálẹ̀, sókè ní nǹkan bí ìwọ̀n 1. Kí pH táǹkì dúró láàárín 6.2 sí 6.8, kí ó gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó débẹ̀. Èyí kan táǹkì aláìsàn náà, torí omi kan náà lẹ bù síbẹ̀: omi dúróòmù tí kò ní soda ni kí ẹ fi máa pààrọ̀ ìdajì yẹn.

Discus_Sábó
Àfikún díẹ̀. Bí mímí gúlegúle náà kò bá dẹwọ́ lẹ́yìn tí omi ti dáa, ẹ wo ìdérí èémí (ìdérí ibi tí ẹja fi ń mí) lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Èyí tó bá ń fi ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo mí, tó sì ń fi ara ha nǹkan, kòkòrò ara èémí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, Flagyl kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Praziquantel ni oògùn tirẹ̀. Ẹyọ 600 mg kan tó fún lítà 250. Ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa, torí kì í yára yọ́ nínú omi. Ẹ tún un lò lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, torí kì í pa ẹyin kòkòrò náà.

Tí wọ́n bá mú iná fún wákàtí mélòó kan, ẹ má kàn tan asẹ́ alágolo (asẹ́ omi onídèérí tó máa ń wà níta táǹkì) padà. Omi tó ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ á tú sára ẹja. Ẹ ṣí i, ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ fi omi táǹkì ṣan fóòmù rẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì wúlò púpọ̀ fún ìyẹn.